Ọ̀nà tí Òtútù Ń Gbà Wọ Bọ̀ọ̀dá Mi Lára

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù ń mú Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bi í. Irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ kàn wo àgbọ̀n rẹ̀. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù láàárọ̀, tí eyín rẹ̀ ń ro kọ̀kọ̀kọ̀ bíi maṣíìnì ìránṣọ tí wọn ò fi aṣọ sí lábẹ́, tí ẹ wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, òtútù yìí mà pọ̀," á nàró ṣánṣán, á wò yín bí ẹni tí ẹ fẹ̀sùn olè kàn.

"Òtútù wo? Òtútù kọ́. Ara mi ló ń jó."

Àbúrò bàbá mi ni. Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá máa pè é kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀. Lójú rẹ̀, "wọ́n" ni o, kí ẹ má lọ sọ fún un. Ilé òun àti ìyàwó rẹ̀ ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Maṣíìnì ni àwọn àgbà ilé wa ń pe alùpùpù, maṣíìnì náà ni wọ́n sì ń pe èyí tí mo fi ń ránṣọ, torí náà èmi àti Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Maṣíìnì la jọ ń gùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tèmi ni kì í kúrò lójú kan.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Ẹ má sá, iṣẹ́ gidi ni. Ilé ìwòsàn kéékèèké mẹ́ta wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú, wọn ò sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà lára àwọn aláìsàn, inú ìgò tín-ín-rín ni wọ́n ń fi í sí. Bọ̀ọ̀dá á kó àwọn ìgò náà sínú kúlà tí ó so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, á sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ dé yàrá àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ńlá kí aago mẹ́jọ tó lù. Ọdún kẹfà rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ nìyí. Kò pè wọ́n ní ìgò rí. Èrò ló ń pè wọ́n. "Èrò mélòó la ní lónìí?" ló máa bi àwọn nọ́ọ̀sì. Tó bá fẹ́ gba inú kòtò kọjá, á yí orí sẹ́yìn díẹ̀, á ní, "Ẹ dì mú o, ẹ̀yin èrò mi."

Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo gbọ́ ọ. Mo ní, "Èmi ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá? Ṣé kí n dì mú?"

Ó ní, "Ìwọ kì í ṣe èrò. Ẹrù ni ẹ́."

Òtútù ọdún yìí wá dé, kò sì mú ọ̀rọ̀ ní kékeré. Ìkùukùu a bo ọ̀nà òkè yẹn mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó wà níwájú yín ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan. Kò pẹ́ tó fi di méjì. Nígbà tó di mẹ́rin, tí ó wá fi jákẹ́ẹ̀tì lé e lórí, apá rẹ̀ ò lè kan ìhà rẹ̀ mọ́. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé garawa omi méjì. Mo sọ ọ́ ní Súwẹ́tà Mẹ́rin. Ó sọ èmi náà ní Ìyá Ìjọ̀ngbọ̀n, ó wá di pé bí a ṣe ń kí ara wa láàárọ̀ nìyẹn.

"Súwẹ́tà Mẹ́rin, ẹ káàárọ̀, sà."

"Ìyá Ìjọ̀ngbọ̀n, ṣé o jí dáadáa?"

Ọjọ́ Tuesday kan ló dé tòun ti dígí alùpùpù tó fọ́. Mo bi í pé kí ló dé.

"Géètì ló sún mọ́ mi," ló wí, ó sì wọ yàrá lọ.

Ìyàwó rẹ̀, tí mò ń pè ní Àǹtí, fà mí wọ ilé ìdáná, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ńlá ti pè é lórí fóònù, ó ti ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ìka Bọ̀ọ̀dá ti kú sórí bíréèkì. Ó ń sọ fún ìka pé kó tẹ̀ ẹ́, ìka ò gbọ́. Géètì ilé ìwòsàn ńlá ló dá a dúró. Kò fara pa, èrò kankan ò fọ́, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé kúlà dé orí káńtà, kò lè ṣí i. Kúlà náà ní irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi há ìdérí ẹ̀. Ó fi ìka gbìyànjú, ó fi ọrùn ọwọ́ gbìyànjú, ló bá tẹ orí ba tó fẹ́ fi eyín ṣí i. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣàkóso yàrá àyẹ̀wò dúró tì í, ó ń wò ó.

"Kí ló wá sọ?" mo bi í.

"Ó ní, 'Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò lè ṣí kúlà, ṣé bíréèkì ló máa lè tẹ̀? Lọ́jọ́ Monday, màá dúró síbí yìí. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ ò lè fi ọwọ́ ara yín ṣí i lójú ẹsẹ̀, màá gbé ọ̀nà òkè fún dírẹ́bà ọkọ̀ wa.'" Àǹtí nu ojú tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó sùn."

Kò sùn. Mo yọjú wo yàrá. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ń ṣí ọwọ́, ó ń pa á dé, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé.

Ohun tí ò yé mi ni pé súwẹ́tà mẹ́rin ló wà lọ́rùn ọkùnrin yìí. Báwo ni òtútù ṣe ń rí ọ̀nà? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lórí, kò jáde. Mo mọ̀ pé tí mo bá bi í pé níbo ni òtútù ti ń mú un, á ní òtútù wo. Ni mo bá lọ jókòó ti kúlà, mo ń wò ó.

"Àǹtí," mo ní, "ṣebí irú kúlà yìí náà lẹ fi ń gbé oúnjẹ gbígbóná?"

"Òun ni."

"Tí ẹ bá gbé ohun tútù sí i, á tutù. Tí ẹ bá gbé ohun gbígbóná sí i, á gbóná. Ta ló ń sọ fún un pé báyìí ni kó ṣe lónìí?"

Àǹtí wò mí títí. "Lọ bi kúlà."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi ni mo lọ bi ní ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, abẹ́rẹ́ sì máa ń wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kúlà ò mọ nǹkan kan. Ìlẹ̀kùn ló ń tì. Ohun tó wà nínú ò lè jáde, ohun tó wà níta ò lè wọlé. Fún mi ní sísọ́ọ̀sì yẹn."

Ìlẹ̀kùn! Ó yé mi pé kì í ṣe iye súwẹ́tà la ó máa kà. Ẹnì kan ti fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì níbì kan lára Bọ̀ọ̀dá, a ò kàn mọ ibẹ̀ ni.

Mo rò pé ọwọ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ nísàlẹ̀, mo ya ìka márààrún, mo fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí wọn yí ká. Mo fi awọ rán ìbọ̀wọ́, mo fi aṣọ onírun sí inú ẹ̀, mo jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ dáadáa. Ó wọ̀ ọ́, ó yí ọwọ́ síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mo sùn tẹ̀ríntẹ̀rín.

Lọ́jọ́ Thursday, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ìka rẹ̀ funfun bí ẹfun.

"Bọ̀ọ̀dá! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìbọ̀wọ́ ẹ dáa," ló wí, ó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. "Dáadáa ni. Ọwọ́ mi ló kàn ń jó."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Inú bí mi sí òtútù, ó bí mi sí Bọ̀ọ̀dá, ó bí mi sí awọ. Tí inú bá sì ti bí mi báyìí, àtilọ ṣe ẹnì kan ní nǹkan ló máa ń kù.

Ní ìdájí Friday, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá kọ́kọ́rọ́. Mo bọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, erùpẹ̀ wà lẹ́yìn yín, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbọ̀n ọ́n." Mo fi ọwọ́ kan gbọ̀n ọ́n. Mo fi ọwọ́ kejì ya ìrù sí i lára. Ìrù tó gún régé ni, mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti àárín ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì, mo fà á wálẹ̀ dé ìdí ṣòkòtò, mo sì ká ẹnu ẹ̀ sókè bíi ti ọ̀bọ. Mo sáré lọ síta kí n lè rí i dáadáa tó bá ń lọ. Mo ti di ikùn mú sílẹ̀ fún ẹ̀rín.

Bọ̀ọ̀dá gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó jókòó, ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì mú alùpùpù.

Ìrù gé sí méjì.

Ìlàjì kan gòkè pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì. Ìlàjì kejì dúró sí ìdí ṣòkòtò. Láàárín wọn, àyè tó tó ìka mẹ́rin ṣí sílẹ̀ gbayawu. Súwẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbá jọ sókè, síngílẹ́ẹ̀tì ti yọ jáde kúrò nínú ṣòkòtò, mo sì rí awọ ara Bọ̀ọ̀dá mi kedere nínú òtútù yẹn. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ náà kò yàtọ̀. Apá jákẹ́ẹ̀tì ti sá padà, ìbọ̀wọ́ dá dúró ní tirẹ̀, ọrùn ọwọ́ méjèèjì wà níhòòhò láàárín wọn. Awọ tí mo rán sì ti fà le lórí egungun ìka rẹ̀, nítorí ọwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni mo wọ̀n, ọwọ́ tó ká ló sì fi ń gùn.

Mo gbàgbé ẹ̀rín. Mo pariwo, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró! Ìrù yín ti gé!"

"Kí ni mi ló gé?"

"Ìrù yín!"

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, "èrò mi ń dúró dè mí," ó sì fi èéfín sílẹ̀ fún mi.

Mo jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà. Ìtìjú bá mi nítorí iṣẹ́ mi. Tí oníbàárà bá wá, kí la máa ń sọ fún un? "Ẹ dúró dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín wálẹ̀. Ẹ má tẹ̀." Gbogbo èèyàn tí mo ti wọ̀n láyé mi, ìdúró ni mo ti wọ̀n wọ́n, bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ta ló wá ń dúró gun alùpùpù?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún ọ̀gá mi pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọn Bọ̀ọ̀dá mi lórí maṣíìnì."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀. "Lórí maṣíìnì tèmi? Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró sí? Ọkùnrin tó tóbi tó yẹn? Ṣé o fẹ́ kó fọ́ ni?"

"Lórí maṣíìnì tiwọn ni, Mà! Alùpùpù!"

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó mí kanlẹ̀. "O ò ṣe tètè là á."

Bọ̀ọ̀dá ti alùpùpù dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìrunú. Ní gbogbo ọ̀nà òkè lánàá, ìrù ló ń gbé kiri. "Nọ́ọ̀sì kan bi mí bóyá mo fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀," ló wí. "Mo rò pé ó fẹ́ràn mi ni. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́!"

Ọ̀gá mi ní láti jáde lọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

A gbé alùpùpù wọlé, a dá a dúró dáadáa, Bọ̀ọ̀dá jókòó sí i. Mo wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn ọrùn dé orí ìjókòó. Mo gbé téèpù gba orí ìgúnpá tó ká. Mo wọn ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó di alùpùpù mú gan-an. Ọ̀gá mi wá ṣí aṣọ tí a fi bo fáànù ńlá láti ìgbà tí òtútù ti dé, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó tàn án tán pátápátá.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ di ojú. Ibi tí atẹ́gùn bá ti wọlé, ẹ sọ fún mi."

Fáànù ń ké wùù. Mo di ṣọ́ọ̀kì mú, mo ń dúró. Mo rí i tí àgbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ijó rẹ̀, tí òun náà sì fún un pọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," mo ní, n ò ṣe yẹ̀yẹ́ rárá báyìí, "tí ẹ ò bá fi ẹnu ọ̀nà hàn mí, n ò ní mọ ibi tí màá tì."

Ó di ọwọ́ alùpùpù mú le sí i.

"Ọrùn," ló wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Níbi síìpù, ní àyà. Ọrùn ọwọ́. Ẹ̀yìn, ẹ̀yìn yẹn burú jù." Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, mo ń yí i ká. "Ìka tó kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Tó bá ti lọ, mo mọ̀ pé ó ku òpó iná bíi mẹ́wàá kí èyí tó tẹ̀ lé e tó lọ. Mo máa ń ka òpó." Ó la ojú. "Òtútù ń mú mi. Ó ń mú mi gan-an ni. Mo rò pé tí mo bá fẹnu sọ ọ́, wọ́n á gba èrò mi lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá mi pa fáànù. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ìdí àpótí tó ń tọ́jú aṣọ tó dára jù, ó yọ aṣọ òjò tó nípọn kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó jù ú sí mi lọ́wọ́. "Rán an," ló wí.

Méjì nínú súwẹ́tà la bọ́ dànù. Méjì tó kù, a jẹ́ kí wọ́n dẹ̀ lára. Mo fi aṣọ òjò yẹn sí inú jákẹ́ẹ̀tì níwájú, kí atẹ́gùn má rí àyà wọ̀. Mo fa apá rẹ̀ gùn, mo fi rọ́bà sí ẹnu ẹ̀, mo fi okùn kékeré sí i tí yóò fi há àtàǹpàkò kó má baà sá padà. Ìbọ̀wọ́, mo tú u, mo tún un rán ní kíká, ó wá dà bí ọwọ́ tó fẹ́ bu nǹkan. Mo rán àpò ńlá méjì sí orí ọwọ́ alùpùpù, fóòmù wà nínú wọn, ẹnu wọn sì fẹ̀ tó láti fa ọwọ́ yọ wéré. Nígbà tó dán wọn wò lọ́jọ́ Sunday, èyí tó wà lósì lọ jókòó sórí fèrè. Paaaaaa! Ó ń bọ̀ lọ́nà tó ń fun fèrè fún gbogbo àdúgbò, ó ń fi orí tọrọ àforíjì kiri. Mo gé ibẹ̀ kúrò.

Mo sì rán ìrù. Ìrù gidi o. Aṣọ fífẹ̀ tó gùn wálẹ̀ láti ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì, tó máa jókòó lé, tí kò ní lè gòkè mọ́ bó ṣe wù kó tẹ̀ síwájú tó.

"O ti rí ohun tí o ń wá," ló wí, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. "O ti sọ mí di ọ̀bọ pátápátá."

Lọ́jọ́ Monday, mo ní mo máa tẹ̀ lé e. N ò lè jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ìrònú nípa jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbà mí lọ́kàn débi pé n ò rántí tèmi. Kóòtù tín-ín-rín tí mo fi ń ṣe fáàrí ni mo wọ̀. Kí a tó dé ilé ìwòsàn kejì, mo ti mọ gbogbo ẹnu ọ̀nà tó wà lára mi. Mo mọ èyí tó wà ní ọrùn, mo mọ èyí tó wà ní ìbàdí, mo ṣàwárí ọ̀kan sí i nínú etí. Mo fi ojú sẹ́yìn Bọ̀ọ̀dá, mo ń ka òpó iná. Òun ń kọrin.

Nọ́ọ̀sì àgbà ti dúró sẹ́yìn káńtà, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá gbé kúlà síwájú rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ èkejì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò kánjú rárá. Ó gbé àtàǹpàkò sábẹ́ irin àkọ́kọ́.

Ká!

Èkejì. Ó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú nọ́ọ̀sì àgbà ò kúrò níbẹ̀. Ó tún un gbá mú.

Ká!

Ìdérí ṣí. Nọ́ọ̀sì àgbà ò wo inú kúlà. Ó na ọwọ́ gba ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá, ó dì í mú, ó sì gbójú sókè. "Bàbá, ọwọ́ yín gbóná ju tèmi lọ!"

"Ìka kékeré ṣì tutù díẹ̀," Bọ̀ọ̀dá wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ràn."

"Tó bá ti ń gbọ́ràn, ọ̀nà òkè ṣì jẹ́ tiyín." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye ìgò sílẹ̀, ló bá dúró. "Kí lèyí tó so rọ̀ lẹ́yìn yín?"

"Ìrù mi ni," Bọ̀ọ̀dá wí, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè bàtà.

Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì àgbà wá rí mi níbi tí mo fara ti ògiri, tí eyín mi ń ro kọ̀kọ̀kọ̀. "Ọmọ yìí ńkọ́? Ẹ gbé e wá síbi iná! Ṣé òtútù ló ń mú ọ tó báyìí?"

Mo nàró ṣánṣán. "Rárá, mà. Ara mi ló kàn ń jó."

Bọ̀ọ̀dá yí padà, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì pa ìdérí kúlà dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà. "Èrò méjìdínlógún, gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́ dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹrù tí mo gbé sẹ́yìn nìkan ló ń jó."